Ọdún tí Wọ́n Ṣẹjọ́ Àgbò Nínú Pálọ̀ Wa

Bàbá mi kì í wo fíìmù kí wọ́n dákẹ́. Ògbufọ̀ ni wọ́n ní kóòtù kan ní Yábàá, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa sọ ohun tí adájọ́ bá wí lédè òyìnbó di Yorùbá fún ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó, kí wọ́n sì tún gbé èsì onítọ̀hún padà fún adájọ́. Tí wọ́n bá délé, ẹnu wọn ò mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Bí wọ́n bá ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, bàbá mi á máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń jáde. Bí pásítọ̀ bá ń wàásù lédè òyìnbó, ètè wọn á máa mì. Màmá mi á ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ ẹ̀ tán ná." Èmi ni Fọlákẹ́. Ilé tí mò ń sọ yìí wà ní Àgùdà, ní Sùúrùlérè, ilé ilẹ̀ tó ní yàrá lọ́tùn-ún lósì, tí kọ́rídọ̀ gígùn kan là á láàárín, tí yàrá kékeré kan sì dá dúró ní àgbàlá ẹ̀yìn. Wọ́n ti wó o báyìí, ilé alájà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Bí mo bá sì ń kọjá níbẹ̀ lónìí, etí mi ló kọ́kọ́ máa ń rántí ilé náà: ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi nínú kọ́rídọ̀, rédíò Alhaji onílé tí kì í kúrò lórí ìròyìn, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ omi kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àti ẹnìkan tó ń bá ọmọ rẹ̀ jà pé kó wá fọ ẹnu.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni pálọ̀ wa máa ń kún. A ti jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà tán, mo ti fọ abọ́, mo ti gbálẹ̀, màmá mi sì ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ wọn kí ọmọdé má baà fọwọ́ kàn án. Àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú pẹ̀lú àpótí ìjókòó tirẹ̀. Alhaji àti Alhaja, ìyàwó wọn, ló ni àga onítìmùtìmù, torí ilé wọn ni, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde. Bàbá Kẹ́hìndé, mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ojú Ẹlẹ́gbà, á ti fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́, síbẹ̀ a ṣì máa ń gbọ́ òórùn ọ́ìlì lára wọn. Bùrọ̀dá Jíde, àpọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, á gbé búrẹ́dì dání. Àǹtí Nọ́ọ̀sì náà á wá bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìdí-Àràbà. Ẹni tó máa ń gbẹ̀yìn ni Màmá Ẹ̀yìn, arúgbó ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní wọn sí. Nǹkan funfun ti bo ojú wọn méjèèjì, wọn ò rí àwòrán kankan. Ohùn bàbá mi ni fíìmù tiwọn.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi yá kásẹ́ẹ̀tì kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Fíìmù àtijọ́ ni, dúdú àti funfun, kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí orin. Àwọn ọkùnrin kan ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ sínú yàrá kan, kí wọ́n fẹnu kò lórí bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ara ń ta wọ́n láti lọ sílé, àfi ẹnì kan tó ní òun ò tíì gbà. Ọ̀rọ̀ yìí ò kọ́kọ́ yé ẹnikẹ́ni nínú pálọ̀. Alhaja ló béèrè pé, "Adájọ́ wọn dà?" Bàbá mi ní, "Adájọ́ ń dúró dè wọ́n ni, Alhaja. Lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn èèyàn bíi tiwa yìí ni wọ́n ń kó jọ, mẹkáníìkì, tíṣà, ẹni tó ń tajà. Àwọn ló máa sọ bóyá ó jẹ̀bi. Gbogbo wọn pátá ló sì gbọ́dọ̀ gbà." Alhaja wo ọkọ wọn. "Gbogbo wọn kẹ̀? Wọn ò ní kúrò níbẹ̀ nìyẹn." Ṣùgbọ́n Alhaji ti mi orí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà dáa, ó dáa gan-an, kò ní sẹ́ni tó máa jáde tí yóò ní òun ò sí níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá gbóná dé, tí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà dìde tó ń nàka, ni wọ́n mú iná lọ. A jókòó sínú ooru títí, iná ò dé. Bàbá mi ní láti dá kásẹ́ẹ̀tì padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò mọ bó ṣe parí. Mo ti wò ó tán lórí fóònù mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ jù fún mi, torí bàbá mi ò sí níbẹ̀ láti bá wọn sọ ọ́.

Màmá Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ló mú wọn wá sí Èkó, ọmọ náà sì ti ṣaláìsí kí n tó gbọ́njú. Ilé bàbá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti wó, àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi pé igi ti hù nínú yàrá tí wọ́n bí àwọn sí. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Wọ́n á sá gbodo, ìyẹn iṣu gbígbẹ tí wọ́n máa ń lọ̀ di èlùbọ́, sórí àpò níwájú yàrá wọn, wọ́n á sì máa fọwọ́ pa á káàkiri kí wọ́n lè mọ èyí tí kò tíì gbẹ. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà, àwọn dókítà sì ti gbà láti ṣiṣẹ́ abẹ ojú wọn lẹ́yìn ọdún Iléyá. Gbogbo ará ilé ló mọ̀. Bí mo bá bu omi lọ fún wọn, wọ́n á ní, "Fọlákẹ́, mo fẹ́ rí bó o ṣe rí. Wọ́n ní o jọ bàbá ẹ, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ irọ́."

Àgbò Iléyá Alhaji dé láàárín ọ̀sẹ̀ tí a wo fíìmù náà. Ó ga, ó funfun, ìwo rẹ̀ ká sẹ́yìn, igbe rẹ̀ sì ń jí wa ju rédíò lọ. Ìdí ògiri tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà Màmá Ẹ̀yìn ni wọ́n so ó mọ́. Alhaji dúró sí kọ́rídọ̀, wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo ilé: "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fún àgbò mi ní nǹkan jẹ o. Èmi ni màá máa bọ́ ọ. Mo mọ̀ yín." Gbogbo wa dáhùn pé a ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín pé ẹran Iléyá Alhaji kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ilé yẹn, onímàle, onígbàgbọ́, gbogbo wa la ń jẹ ẹ́, bí àwọn náà ṣe ń jẹ ìrẹsì Kérésì tiwa. Àgbò Alhaji, àgbò ilé ni. Kò tó ọjọ́ mélòó kan tó fi já okùn, ó sì jẹ gbodo Màmá Ẹ̀yìn tó wà lóòrùn, ó jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Màmá Ẹ̀yìn ò na ẹran náà. Wọ́n kàn dúró tì í, wọ́n ní, "Jẹ ẹ́, jẹ ẹ́ dáadáa. Ohun tó o jẹ yìí á hàn lára ẹ." Alhaja tó ń sá aṣọ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́bọ̀ ni àgbò náà kú. Mo dé láti ilé ìwé, mo bá àwọn ará ilé tí wọ́n pé jọ sẹ́yìn. Ikùn ẹran náà wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbọnrangandan. Alhaja ń sọ̀rọ̀: "Mo rí Màmá Ẹ̀yìn láàárọ̀ yìí. Ojú ara mi ni mo fi rí i. Wọ́n gbé abọ́ sí i lẹ́nu. Wọ́n sì ti ṣèlérí fún un tẹ́lẹ̀ pé yóò hàn lára ẹ." Màmá Ẹ̀yìn jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn. Wọ́n ní, "Omi ni mo fún un. Ó ń mí gúlegúle." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan ti sọ pé májèlé ni, n ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, èlùbọ́ Màmá Ẹ̀yìn wà níbi tó wà, ẹnikẹ́ni ò rà á. Ìyá kan ní òdìkejì ọ̀nà tó máa ń rà á lójoojúmọ́ fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn. Bí Alhaji ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n pe bàbá mi. Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé torí mo nílé ni mo ṣe lé opó jáde. Bí wọ́n ṣe ṣe é nínú fíìmù yẹn la máa ṣe é. Ká pàdé ní pálọ̀ yín lọ́la, ká ti ìlẹ̀kùn. Bí gbogbo wa bá gbà pé màmá ló ṣe é, kí wọ́n kó ẹrù wọn kí ọdún tó dé. Bí ẹnì kan ò bá gbà, a ò ní í dìde."

Bàbá mi ní nínú fíìmù, ẹni tí wọ́n ń ṣẹjọ́ rẹ̀ kì í sí níbi tí wọ́n bá ti ń fẹnu kò, nítorí náà wọ́n mú Màmá Ẹ̀yìn wọ yàrá inú wa, wọ́n ní kí n bá wọn jókòó. Kọ́tìnì nìkan ló wà láàárín àwa àti pálọ̀. Màmá mi ti da ẹ̀wà sórí àtẹ fún wa pé ká ṣà á, torí wọ́n fẹ́ fi se mọ́ínmọ́ín. Ìka ni Màmá Ẹ̀yìn fi ń ṣà á, wọ́n á fọwọ́ kan òkúta, wọ́n á jù ú sínú ife, kì í yẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Mo wo inú pálọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, Bùrọ̀dá Jíde ló ti ìlẹ̀kùn, wọ́n tilẹ̀ tún ti fèrèsé, ooru sì mú wọn kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Alhaja tún gbogbo ẹ̀rí wọn sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbodo, èpè, abọ́. Alhaji ní kí ẹni tó bá gbà nawọ́. Alhaja nawọ́. Bàbá Kẹ́hìndé nawọ́, Bùrọ̀dá Jíde nawọ́. Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó ń bá Màmá Ẹ̀yìn gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wo ilẹ̀, ó sì nawọ́. Bàbá mi náà nawọ́. Lẹ́yìn kọ́tìnì, Màmá Ẹ̀yìn ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ bí pálọ̀ ṣe dákẹ́, ọwọ́ wọn sì dúró lórí ẹ̀wà. "Ṣé gbogbo wọn ni?" Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọwọ́ màmá mi wà lórí ẹsẹ̀ wọn.

"Màmá Fọlákẹ́, ọwọ́ yín ńkọ́?" Alhaji ló béèrè.

"Mi ò tíì gbà, Alhaji."

"Kí lẹ rí tí àwa ò rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, sà. Mi ò sì sọ pé wọn ò ṣe é o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé torí pé wọ́n fún un ní nǹkan náà ni?"

Alhaja ní, "Ṣé ìyẹn ò tó ni?"

Téèpù tí màmá mi fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká a mọ́ ìka. "Tó bá jẹ́ ìyẹn ni, ẹ bá wa wá ibi tí a máa kó ẹrù tiwa náà sí. Èmi náà fún un ní ẹ̀wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

Alhaji ti kìlọ̀. A ò níbòmíràn tí a fẹ́ lọ, ilé ìwé mi ò jìnnà síbẹ̀, àwọn oníbàárà màmá mi mọ kọ́rídọ̀ yẹn bí ẹni mọ ilé ara wọn. Bàbá mi yí ojú padà wo màmá mi, ọwọ́ wọn ṣì wà lókè, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Alhaji ní, "Ẹ̀yin? Lẹ́yìn tí mo kìlọ̀?" Màmá mi ní, "Ẹ kìlọ̀, sà. Mo gbọ́. Ó ń ké ni, ẹ̀wà àná sì ṣẹ́kù sínú ìkòkò. Mo ní kó sanra kí ọdún tó dé." Bàbá Kẹ́hìndé ló wúkọ́. Wọ́n ní, "Alhaji, ẹ má bínú. Èmi náà máa ń ju èèpo iṣu sí i. Ààtàn ti jìnnà jù." Wọ́n sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀. Bùrọ̀dá Jíde ní búrẹ́dì ni tòun, èyí tó ti le. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní ìrẹsì òun ló ti ní kòkòrò, òun sì dà á fún un lọ́jọ́rú, ó tún dà á fún un láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ní, "Mo rò pé èmi nìkan ni." Bàbá mi ò lè pa á mọ́ra, wọ́n yíjú sí Alhaji bí ẹni pé ní kóòtù ni wọ́n wà: "Ó ní òun rò pé òun nìkan ni." Màmá mi ní, "A gbọ́, Bàbá Fọlákẹ́, Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́?" Bàbá mi wo ọwọ́ wọn, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Àgbàdo," ni wọ́n wí. "Àgbàdo gbígbẹ ni. Ẹ̀kúnwọ́ kan."

Ó wá ku Alhaja nìkan. Kò sẹ́ni tó wò wọ́n, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọwọ́ Alhaja ṣì wà lókè, ẹ̀gbà ọwọ́ wọn ti yọ̀ wálẹ̀ dé ìgúnpá. Wọ́n ní, "Gààrí ni." Alhaji ní, "Kí lẹ wí?" Alhaja ní, "Mo ní gààrí. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Àwọn ẹbí yín ń bọ̀ wá ṣọdún, mo fẹ́ kí àgbò náà kún wọn lójú." Bàbá Kẹ́hìndé rọra béèrè pé, "Gààrí gbígbẹ?" Alhaja ní, "Gbígbẹ." Bàbá Kẹ́hìndé ní, "Gààrí gbígbẹ, àgbàdo, ẹ̀wà, ìrẹsì tútù. Àti èyí tí Alhaji fúnra wọn fún un. Omi wá débẹ̀." Ẹni tó bá ti fi gààrí sómi rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ẹran náà.

Nínú yàrá, Màmá Ẹ̀yìn gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé inú wọn máa dùn, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín sí wọn pàápàá. Omijé ni mo rí. Wọ́n ní, "Omi mi ló parí ẹ̀ nígbà náà. Mo ṣáà mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́." Mo sún mọ́ wọn. Alhaji tún ní kí ẹni tó bá ṣì gbà pé màmá ló pa àgbò nawọ́. N ò yọjú wò ó, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí aṣọ ń ró bí Alhaja ṣe sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀. Alhaji dìde, wọ́n ká kọ́tìnì fúnra wọn, wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ foríjì wá." Màmá Ẹ̀yìn nu ojú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Alhaji. Àgbò tó dáa ni."

Adìẹ la fi ṣọdún Iléyá yẹn. Àwọn ẹbí Alhaji jẹ mọ́ínmọ́ín màmá mi, wọ́n yìn ín, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àgbò ìdí ògiri. Alhaja ò tọrọ àforíjì. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo ti wá mọ̀ báyìí pé àwọn èèyàn kan wà bẹ́ẹ̀, tí kì í sì í ṣe ìkà ló ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọdún, abọ́ tó kọ́kọ́ jáde láti ibi ìdáná wọn, ọ̀dọ̀ Màmá Ẹ̀yìn ló lọ. Lẹ́yìn ọdún, Àǹtí Nọ́ọ̀sì mú Màmá Ẹ̀yìn lọ sí Ìdí-Àràbà, nígbà tí wọ́n sì tú aṣọ ojú wọn, Màmá Ẹ̀yìn wò mí títí, wọ́n ní irọ́ ni àwọn èèyàn ń pa, màmá mi ni mo jọ. Kò sí ìyìn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti bi màmá mi léèrè nígbà tí mo dàgbà pé kí ló dé tí wọn ò nawọ́. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ nà án o. Ó wúwo ni." Bàbá mi ò ṣe àwáwí ní tiwọn. Wọ́n ní ẹ̀rù ilé ló ba àwọn, pé bí kì í bá ṣe màmá mi, àwọn ì bá ti lé èèyàn síta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, lọ́wọ́ ẹni tí kò nawọ́ àti lọ́wọ́ ẹni tó nawọ́ tó sì sọ òótọ́ fún ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, màmá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, àwọn ẹbí ọkọ mi sì jìnnà. Ilé Àgùdà ni mo gbé ọmọ náà wá. Mo ń bẹ̀rù rẹ̀, ó kéré jù lójú mi, n ò mọ bí mo ṣe lè wẹ̀ ẹ́ kó má bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Alhaja ló dá iná, àwọn ló gbé omi gbígbóná wá sí àgbàlá. Màmá Ẹ̀yìn jókòó lórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ ọmọ náà sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì wẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n fà á lápá, wọ́n fi òrí pa á. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n gbé e sí i lẹ́nu kó mu. Ọmọ náà ń yí orí kiri, ó ń ké. Alhaja kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọmọ mi mú fún Màmá Ẹ̀yìn, kí omi náà má baà dà nù.